Ẹ Tún Yàrá Ṣe Kí Ẹ Tó Ra Míkíró

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa yìí, mo fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé làpálàpá ni ẹgbẹ́ wa ti ń pa láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbàkúùgbà tí a bá jókòó láti jíròrò lórí bí a ó ṣe gba orin àti oríkì àwọn ará Kèrè sílẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń gba gbogbo ọjọ́ mọ́ wa lọ́wọ́: míkíró wo ni kí a rà? Èló ni wọ́n ń tà á ní Kútọnu? Ta ni yóò bá wa rà á bọ̀ láti Paris? A ti dáwó lé e lẹ́ẹ̀mejì. A ti bínú síra wa nítorí rẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó dìde kí ó béèrè inú yàrá wo ni a ó gbé míkíró náà sí nígbà tí ó bá dé.

Èmi dìde báyìí. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Kí ẹgbẹ́ wa má ṣe ná fàráǹkì kan sórí míkíró tuntun títí a ó fi tún yàrá kan ṣe fún ohùn ní Kèrè. Kí a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgbàsílẹ̀ ní ọdún yìí pẹ̀lú ohun èlò tí ó wà lọ́wọ́ wa, kí a má dúró de sítúdíò kankan.

Ẹni tí yóò bá ẹlòmíràn wí, kí ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ní àsìkò iṣu tuntun kan, èmi àti àwọn méjì mìíràn lọ gba orin lẹ́nu ìyá àgbà kan ní Kèrè. A ti yá míkíró olówó ńlá kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan ní Kútọnu, inú wa sì ń dùn bí ẹni pé àwa ni a ṣe é. Yàrá alámọ̀ àtijọ́ ni Màmá ń gbé. Ẹní wà nílẹ̀, ẹrù aṣọ wà lára ògiri, apẹ̀rẹ̀ àgbàdo àti ti ẹ̀wà kún igun ilé, koríko ni wọ́n sì fi bo òkè rẹ̀. Ojú tì wá láti gbé irú míkíró bẹ́ẹ̀ wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀. A bẹ Màmá, a mú wọn lọ sí pálọ̀ ilé tuntun tí ọmọ wọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ògiri rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ títí ó fi dán, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìlì, òkè rẹ̀ náà jẹ́ sìmẹ́ńtì. Àga kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀. A ti gbogbo fèrèsé nítorí ariwo alùpùpù. Nígbà tí Màmá kọ ẹsẹ kìn-ín-ní tán, wọ́n dákẹ́, wọ́n wo òkè, wọ́n ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, yàrá yìí ń dá mi lóhùn.” A rẹ́rìn-ín. A ní kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ.

Ẹsẹ méje ni wọ́n kọ. Ní alẹ́, a gbé e sí báfù kí a lè gbọ́ ọ. Ohùn Màmá wà níbẹ̀, ó tóbi, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti pò mọ́ra wọn bí lẹ́tà tí òjò pa. Nínú ẹsẹ kẹta ni orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ òkè wà. A gbọ́ ẹsẹ yẹn ní ogún ìgbà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́ orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní òwúrọ̀, a padà lọ bẹ Màmá kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n ní: “Orin iṣu tuntun kì í ṣe orin àtúnkọ. Iṣu ti wọlé. Ó di àmọ́dún.” Nígbà tí àmọ́dún pé, ẹsẹ mẹ́ta péré ni wọ́n rántí nínú méje. Èyí tí a ń wá kò sí lára wọn.

Míkíró náà kò ṣẹ̀ wá. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí a fi síwájú rẹ̀, ó sì rò ó bí ó ṣe gbọ́ ọ. Àwa ni a gbé àgbàlagbà kúrò nínú yàrá tí ó dára fún ohùn, tí a lọ fi wọ́n sínú àgbá.

Àwọn ará Faransé ń pe iṣẹ́ yìí ní prise de son, èyí ni mímú ohùn, bí ẹni mú ẹran nínú igbó. Àwa ń pè é ní gbígba ohùn sílẹ̀, bí ẹni gba àlejò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka apá méjèèjì ìwé ìròyìn wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wé ara wọn. Ẹni tí ó ń lọ mú ẹran, ìbọn ni yóò máa rò: bí ó ṣe gùn tó, bí ó ṣe wọ́n tó, ta ni ó ní irú rẹ̀. Ẹni tí ó ń retí àlejò, yàrá ni yóò kọ́kọ́ gbá. Gbogbo àríyànjiyàn wa lórí míkíró, àríyànjiyàn ọdẹ ni.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ náà gan-an? Nínú ooru ilẹ̀ wa, ohùn ń rin nǹkan bí 350 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹnì kan bá dúró ní 70 mítà sí ojú àpáta kan ní ẹ̀yìn Kèrè, tí ó sì pàtẹ́wọ́, ohùn náà yóò lọ, yóò sì bọ̀, gbohùngbohùn rẹ̀ yóò sì dé etí rẹ̀ kí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Àpáta jìnnà, nítorí náà etí wa mọ ìyàtọ̀ láàárín àtẹ́wọ́ àti èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí ó jẹ́ 4 mítà sí 3 mítà, ohùn yóò lu ògiri, ilẹ̀ àti òkè ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sìmẹ́ńtì dídán kì í gbé e mì. Ó ń dá a padà ni. Àwọn èsì wọ̀nyí pọ̀, wọ́n sì yára débi pé etí kò lè kà wọ́n mọ́. Wọ́n di àṣẹ́kù ohùn kan ṣoṣo tí kò fẹ́ kú.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọn àṣẹ́kù yìí bí ó ti yẹ ni Wallace Sabine, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní 1895, wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún un: kí ó wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Fogg Art Museum, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Ohùn ń dúró nínú gbọ̀ngàn náà ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Ẹ wo irinṣẹ́ tí ó fi ṣiṣẹ́: fèrè dùùrù kan, aago kan, àti tìmùtìmù ìjókòó. Ní òru, nígbà tí ìlú bá ti sùn, yóò kó tìmùtìmù láti inú gbọ̀ngàn mìíràn tí wọ́n ń pè ní Sanders Theatre, yóò máa tò ó sínú gbọ̀ngàn burúkú náà díẹ̀díẹ̀, yóò máa fi aago wò bí ohùn ṣe ń tètè kú sí i, yóò sì kó gbogbo rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú iṣẹ́ òru yìí ni òfin tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò títí di òní ti jáde. Òun ni wọ́n fi kọ́ Symphony Hall ní Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900.

Òfin náà rọrùn débi pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lè fi ṣe ìṣirò. A ó fi 0.161 sọ ààyè inú yàrá di púpọ̀, a ó sì fi agbára tí yàrá náà ní láti gbé ohùn mì pín in. Bí a ṣe ń wọn agbára yìí ni ó dùn mọ́ mi jù: fèrèsé ṣíṣí ni a fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí pé ohùn tí ó bá gba ojú fèrèsé jáde kì í padà wá. Ẹ jẹ́ kí a fi yàrá 4 mítà sí 3, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 3 mítà, ṣe àpẹẹrẹ. Ààyè inú rẹ̀ jẹ́ 36 mítà kúbù. Ògiri, ilẹ̀ àti òkè rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 66 mítà onígun mẹ́rin. Sìmẹ́ńtì àti táìlì kì í gbé mì ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà gbogbo yàrá náà kò ju fèrèsé ṣíṣí 2 mítà onígun mẹ́rin lọ. Bí a bá ṣe ìṣirò náà, ohùn yóò dúró fún nǹkan bí 2.9 ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó kú pátápátá. Bí a bá fi ara ènìyàn méjì kún un, yóò wá sí bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Wàyí o, ẹ mú fóòmù ibùsùn tí ó nípọn àti aṣọ òkè wíwúwo, kí ẹ fi bo 12 mítà onígun mẹ́rin nínú ògiri náà. Bí wọ́n bá gbé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohùn tí ó bà wọ́n mì, ohùn kò ní í dúró ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ mọ́. A kò tíì fọwọ́ kan míkíró rárá.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa gan-an. Èdè olóhùn ni èdè wa. Igbá, igba, ìgbà, igbà: ọ̀nà kan náà ni ètè àti ahọ́n ń gbà pè wọ́n, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ó ń ki oríkì lè pe sílébù márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí yàrá bá ń di ohùn mú fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ìyókù sílébù mẹ́wàá ni yóò máa bá èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu jà. Ohùn òkè tí ó ti kọjá yóò gun orí ohùn ìsàlẹ̀ tí ó ń bọ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ orin Faransé nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù kọ́ńsónáǹtì díẹ̀. Àwa yóò pàdánù ìtumọ̀. Orúkọ ènìyàn ni ó sì máa ń kọ́kọ́ sọnù, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó yí orúkọ ká kì í ran ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lọ́wọ́ láti mọ ohun tí wọ́n pè.

Ẹ má ṣe gbàgbé pẹ̀lú pé Ìdáàṣà ni à ń sọ ní Kèrè. Ẹ̀ka èdè wa ní ọ̀nà tirẹ̀ tí kò bá ti Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bákan náà pẹ̀lú Yorùbá inú ìwé tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Bí ọmọ Kèrè kan bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sí i, ohùn àwọn àgbà tí a bá gbà sílẹ̀ lónìí ni yóò jẹ́ ìwé rẹ̀. Ṣé ìwé tí òjò pa ni a fẹ́ fi lé e lọ́wọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń sọ pé àwọn ti tún yàrá tiwọn ṣe: wọ́n ti lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri láti ilẹ̀ dé òkè. Òótọ́ ni pé ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò ní páálí ẹyin ni kí a fi gbà á. Ohùn ìlù tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn tó 3.5 mítà. Kí ni páálí tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ máa fi mú irú ìgbì bẹ́ẹ̀? Díẹ̀ lára ohùn tín-ín-rín ni yóò gbé mì. Yóò jẹ́ kí yàrá dún bí ẹni pé aṣọ bò ó lójú, nígbà tí ohùn ìlù ṣì ń hó ní igun. Ohun tí ó bá nípọn, tí ó wúwo, tí afẹ́fẹ́ sì lè wọ inú rẹ̀, ni ó ń gbé ohùn mì: fóòmù ibùsùn, àpò òwú, ẹrù aṣọ. Ẹ padà wo yàrá Màmá bí mo ti ṣe àpèjúwe rẹ̀: ẹní, aṣọ, apẹ̀rẹ̀, koríko. Gbogbo ohun tí Sabine ń rù kiri ní òru ni ó wà níbẹ̀, tí àwa sì kà á sí ìtìjú.

Fóòmù kò lè dá ariwo ìta dúró ṣá, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa fi mí ṣe ẹlẹ́rìí èké. Títún ohùn inú yàrá ṣe yàtọ̀ sí dídí ariwo ìta. Alùpùpù zemidjan àti ọkọ̀ akẹ́rù ojú ọ̀nà Kútọnu sí Paraku, àkókò ni a fi ń ṣẹ́gun wọn. Kí oòrùn tó ràn, ó máa ń dákẹ́. Bí òjò bá sì ń rọ̀ sórí páànù, kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi dá.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ dá àwọn alátakò mi lóhùn, nítorí pé wọn kì í ṣe aláìgbọ́n.

Àwọn kan ní: bí kò bá sí sítúdíò tòótọ́, ayé kò ní í ka orin wa sí. Mo fẹ́ kí wọ́n rántí Tout Puissant Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu, ẹgbẹ́ olórin tí Mélomé Clément darí láti ìparí àwọn ọdún 1960 síwájú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Albarika Store ti Adissa Seidou bá sanwó, Èkó ni wọ́n máa ń lọ, sí sítúdíò EMI. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe ọ̀pọ̀ orin fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí kò ní owó ìrìn àjò. Inú ilé àdáni ní Kútọnu ni wọ́n ti gba àwọn orin wọ̀nyí, pẹ̀lú míkíró kan tàbí méjì àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Nagra tí Stefan Kudelski dá sílẹ̀ ní Switzerland. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ Analog Africa ní Jámánì kó lára orin inú ilé náà, èyí tí wọ́n ṣe láti 1972 sí 1975, jọ sínú àwo The Vodoun Effect. Ní 2009, wọ́n kó ti Albarika Store jáde. Àwọn olùfẹ́ orin ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ra àwo méjèèjì. Ẹrọ Nagra kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú, n kò sẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé sítúdíò kò sí níbẹ̀. Àwọn olórin tí ó ti mọ orin wọn dunjú wà níbẹ̀, àti ẹnì kan tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó gbé míkíró kan ṣoṣo sí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n lọ sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀, ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin Yorùbá sínú àwo ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní ọdún yẹn, kò tíì sí míkíró nínú iṣẹ́ àwo orin rárá. 1925 ni ìgbàsílẹ̀ oníná bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ìwo ńlá kan ni akọrin máa ń sún mọ́, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni ó sì ń mú abẹ́rẹ́ gbọ̀n. Ariwo pọ̀ lórí àwo wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu súnmọ́ ìwo, nítorí náà ọ̀rọ̀ ṣáájú yàrá. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, a ṣì ń gbọ́ Yorùbá inú wọn. Àwa tí a ní míkíró olówó ńlá ní Kèrè, a kò gbọ́ orúkọ baba ńlá wa.

Àwọn mìíràn ní: àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ohùn òde òní, ohun tí ó bá dún bí ilé àgbà kò ní í wù wọ́n. Mo fara mọ́ ọn pé kí ọ̀dọ́ ṣe orin tí ó wù ú, èmi náà ń jó sí i. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe orin ijó tún ohùn àwọn àgbà ṣe. Auto-Tune, tí ó jáde ní 1997, orí àtẹ̀gùn ohùn méjìlá ti dùùrù ni wọ́n sábà máa ń gbé e lé. Bí a bá lò ó ní àlòjù, ohùn tí ó ń yọ́ láti òkè bọ̀ sí ìsàlẹ̀ yóò di ohùn tí ó ń fò láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì. Ohùn yíyọ́ yẹn, ara ọ̀rọ̀ wa ni. Kí a tọ́jú ojúlówó ìgbàsílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe ijó lọ lo ẹ̀dà.

Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn tí yóò rò pé mo ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n ní: fóònù ti tó, ká kàn gbà á, ká fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. N kò sí lẹ́yìn wọn. Fóònù dára ju òfo lọ, bí Màmá bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu tí fóònù nìkan wà lọ́wọ́, kí a lò ó, kí a gbé e súnmọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù ni ó ń gbé ohùn sókè tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó ń rò pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jẹ́ ariwo tí ó yẹ kí a pa rẹ́. Ní ti ohùn tí a bá fi WhatsApp ránṣẹ́, wọ́n ti fún un pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí à ń fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀nà ìkíni ni, àká kọ́.

Kí wá ni mo ní kí a ṣe? Ẹgbẹ́ wa ní yàrá kan ní Kèrè tí a ń kó àga sí. Kí a kó àga kúrò. Kí a ra fóòmù ibùsùn mẹ́fà tí ó nípọn, kí a gbé wọn dúró lára ògiri. Kí a má lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, kí a jẹ́ kí ìbú ọwọ́ kan wà láàárín fóòmù àti ògiri, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa. Kí a tẹ́ ẹní sí ilẹ̀, kí a fi aṣọ wíwúwo kọ́ sí ojú fèrèsé. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹrù aṣọ àtijọ́ kan wá láti kún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró ní àárín, kí ó pàtẹ́wọ́: bí ó bá ṣì gbọ́ ìró kan tí ó ń dún bí okùn dùrù lẹ́yìn àtẹ́wọ́ náà, kí a fi aṣọ kún un. Mo ti ṣírò owó rẹ̀. Kò tó ìdá mẹ́ta owó míkíró tí a ń jà lé lórí.

Míkíró tí ẹgbẹ́ ní tẹ́lẹ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn akọrin ń dì mú lórí pèpéle. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò ní kí a fún òun ní iná 48 fọ́ọ̀tì kí òun tó ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ́ ìró fáànù ilé kejì. Kí a gbé e sí ìwọ̀n ìkà ọwọ́ kan sí ẹnu akọrin, ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má bàa lù ú. Nínú yàrá sìmẹ́ńtì tí kò ní nǹkan kan nínú, bí míkíró bá ti ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí ẹnu, àṣẹ́kù yàrá ni yóò máa gbọ́ ju ohùn ènìyàn lọ. Nínú yàrá tí a bá ti tún ṣe, a ní ààyè láti sún un sẹ́yìn kí ohùn lè mí. Bí ó bá jẹ́ ìlù àti agogo pẹ̀lú agbo orin ni, kí a jáde sí abẹ́ igi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí a jìnnà sí ojú àpáta. Gbogbo ìta jẹ́ fèrèsé ṣíṣí.

Kí a tọ́jú rẹ̀ bí WAV, 24 bit àti 48 kHz. Wákàtí kan rẹ̀ ní ọ̀nà méjì kò ju gígábáìtì kan àti díẹ̀ lọ. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, kí ọ̀kan nínú wọn wà ní Kèrè, lọ́wọ́ àwọn tí ó ni orin náà. Kí a sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà èyí tí ó ṣe é gbé jáde àti èyí tí kò ṣe é gbé jáde. Ẹni tí ó ń gba àlejò kì í tú ẹrù rẹ̀ wò láìgbàṣẹ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí owó bá ṣẹ́kù, kí a ra míkíró tuntun. Èmi yóò wà lára àwọn tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un, nínú yàrá tí àtẹ́wọ́ náà yóò tètè kú.

Ní ìpàdé àpapọ̀ tí ó ń bọ̀, màá gbé àbá yìí kalẹ̀. Iṣu tuntun ku oṣù díẹ̀. Màmá ṣì wà láàyè, ẹsẹ mẹ́ta sì ṣì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n sọ fún mi pé ìyàwó àbúrò wọn ní Dáṣà lè rántí ìyókù bí wọ́n bá jọ jókòó. Ẹni tí ó bá ní fóòmù ibùsùn tí kò lò mọ́, kí ó jọ̀wọ́ gbé e wá.